Ọwọ́ Bàbá Akọrin Lórí Ohùn Fàtímọ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ẹdẹ pé etí Bàbá Akọrin ti ń di. Pásítọ̀ mọ̀, àwọn díákónì mọ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pàápàá mọ̀, nítorí wọ́n ti rí i pé bí àwọn bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kì í bojú wẹ̀yìn mọ́. Bàbá nìkan ni ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún, ta ni yóò sì sọ ọ́? Jacob Ìyàndá lorúkọ rẹ̀. Sọ́míìlì kan lójú ọ̀nà Sekona ló ti fi agbára ìgbà èwe rẹ̀ la pákó. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ló gé ìka rẹ̀ kan dé agbedeméjì, ẹ̀rọ ibẹ̀ náà ló sì ń jẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, tó ti gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára, ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń gbà lọ láti kọ́ àwọn ènìyàn lórin. Ó pẹ́ lórí iṣẹ́ yìí débi pé àwọn tó kọ́ ní dò-rè-mí nígbà tí wọ́n wà ní kékeré ti ń fa ọmọ tiwọn náà lọ́wọ́ wá bá a.

Títílayọ̀ wà lára àwọn tó kọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ tí wọ́n sì ń pò ó pọ̀. Nígbà tí ìlú wá le, tí àwọn sójà tó ń ṣèjọba ní kí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n dín òun náà mọ́ wọn. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ẹdẹ, sí ilé bàbá rẹ̀. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olúfẹ́mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, fi míkísà kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn pọ̀, ránṣẹ́ sí i nínú àpótí igi, pé kí àbúrò òun má jókòó lásán. Títílayọ̀ fi páálí ẹyin àti ẹní bo ògiri yàrá iwájú kí ariwo ìta má bàa wọlé, ó kó míkísà náà síbẹ̀, ó sì di ọ̀gá ara rẹ̀.

Míkísà yìí kì í ṣe irú èyí tí ìlú mọ̀. Gbogbo míkísà ló ní fédà, ìyẹn àwọn bọ́tìnnì tó tò sójú rẹ̀, tí à ń tì sókè bí a bá fẹ́ kí ohùn kan pọ̀, tí à ń fà sílẹ̀ bí a bá fẹ́ kí ó dín. Ti eléyìí ní iyè nínú. Bí ènìyàn bá ti tì wọ́n lẹ́ẹ̀kan bí orin ti ń lọ, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ọn á rántí gbogbo bí ọwọ́ ṣe rìn, bí wọ́n bá sì tún tan orin náà, àwọn fédà á máa lọ sókè sódò fúnra wọn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìyá Títílayọ̀ rí i, ẹ̀yìn ló fi rìn jáde nínú yàrá náà, tó ń gbàdúrà lábẹ́nú.

Ṣùgbọ́n ohun tí Títílayọ̀ fẹ́ràn jù ni pé kọ̀ǹpútà náà lè dá ṣiṣẹ́, láìsí míkísà, láìsí téèpù tí wọ́n gba ohùn sí. Bí iná bá lọ, á gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á so ó mọ́ bátìrì mọ́tò Pijó bàbá rẹ̀ tí àìsí epo ti sọ di ilé adìyẹ, á sì rí ìrìn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀ bí ìlà: ìlà tó ń gòkè, ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀. Èyí tí ọwọ́ bá ṣì tì, á tún un ṣe. Á gé ìlà kan níbí, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn, á gbé òmíràn sókè díẹ̀. Kò ní gbọ́ ohùn kankan o. Inú orí rẹ̀ ni yóò ti máa kọ orin náà, tí yóò sì máa fi ojú wá ibi tó dé. Ó di ìgbà tí iná bá dé, tó bá dá gbogbo rẹ̀ padà sínú míkísà, kó tó mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun jọ orin. Lọ́dún tí à ń wí yìí, iná kì í sábà dé, ìlà epo bẹntiróòlù sì ń wọ́ láti ilé epo títí dé ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Títílayọ̀ ti ń jẹun.

Àjọ̀dún ẹgbẹ́ akọrin ló gbé Bàbá Akọrin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìjọ fẹ́ ṣe kásẹ́ẹ̀tì kan, àwọn orin tí Bàbá fúnra rẹ̀ kọ́ wọn. Wọ́n wá epo díẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì gba ohùn sílẹ̀ láàárín ọjọ́ Àbámẹ́ta bíi mélòó kan. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ohùn ìyàwó Bàbá.

Ìyá Dámiláre ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Agboolé àwọn mùsùlùmí kan ní ìsàlẹ̀ Ẹdẹ ni wọ́n bí i sí, Fàtímọ̀ sì ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó fẹ́ Jacob, ìjọ sọ ọ́ ní Rúùtù lọ́jọ́ ìrìbọmi, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò fi ọjọ́ kan pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó wúwo, ó ń ti ìsàlẹ̀ àyà jáde bí ohùn ọkùnrin. Bí Títílayọ̀ bá mú un dúró láàárín àwọn obìnrin, á fà wọ́n sílẹ̀. Bí ó bá mú un lọ sáàárín àwọn ọkùnrin, á bò wọ́n. Nígbẹ̀yìn, ó mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan kalẹ̀ fún un lóun nìkan, ó sì fi ohùn rẹ̀ sábẹ́ fédà keje.

"Ṣé nítorí mo burú ni?" Ìyá Dámiláre bi í.

"Rárá, Mà. Ohùn yín pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ ni."

"Nígbà náà, dín in kù. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi mọ̀ nínú ẹ̀."

Ọjọ́ tó kan kí wọ́n po ohùn orin àkọ́kọ́ pọ̀, Bàbá Akọrin ti jókòó síwájú míkísà kí Títílayọ̀ tó fọ ẹnu tán. Ó wọ agbádá kékeré, ó tẹ́ aṣọ ìnujú sí itan.

"Èmi ni mo kọ́ wọn lórin," ó wí. "Èmi ni yóò pín ohùn wọn. Kàn fi ohun tí mo máa tì hàn mí."

Títílayọ̀ fi hàn án. Ọwọ́ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ti gẹdú sẹ́nu ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í ti bọ́tìnnì kéékèèké wọ̀nyí bí ẹni ń fi ọwọ́ pa orí ọmọ titun. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ara Títílayọ̀ kò fi lélẹ̀ mọ́. Bàbá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan àwọn yòókù. Fédà keje nìkan ló ń gbé sókè, bí orin ti ń lọ ló ń gbé e sókè sí i, títí tí ohùn Ìyá Dámiláre fi bo gbogbo ìjọ mọ́lẹ̀ bí òjò orí páànù. Àwọn ọmọbìnrin tó ń fi ohùn òkè kọrin di ẹni tó ń pariwo láti òdìkejì odò.

"Bàbá, ṣé kò pọ̀ jù?"

"Kí lo wí?"

"Mo ní ṣé kò pọ̀ jù?"

"Ó dára gan-an," ni Bàbá dáhùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n tún un tan, tí àwọn fédà ń rìn fúnra wọn, Bàbá wò wọ́n bí ọmọdé. Epo jẹnẹrétọ̀ tán bí orin ti ń parí, ó dìde, ó súre fún Títílayọ̀, ó sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí iná, kò sí epo. Títílayọ̀ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá sí ọ̀tọ̀, bí ó ti máa ń ṣe. Ó wá ṣí èyí tó kù. Ìlà mẹ́jọ ló wà níwájú rẹ̀. Méje dúró jẹ́ẹ́ bí ojú omi. Ìlà keje nìkan ló ń gun òkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé àgbàlagbà kò gbọ́ran mọ́, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì yìí ni àwọn ènìyàn yóò máa fi rántí rẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ó mú ìlà keje, ó fà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ gbé àwọn obìnrin sókè níbi tó yẹ, ó gbé àwọn ọkùnrin tẹ̀ lé wọn, ó ń kọ orin náà láìya ẹnu. Bàbá kò ní mọ̀. Bí ó bá ti rí i pé fédà ń rìn, inú rẹ̀ á dùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná dé lójijì. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá, Bàbá sì gun ọ̀kadà wá. Orin bẹ̀rẹ̀. Ó dùn, Títílayọ̀ fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó dùn. Ohùn kọ̀ọ̀kan wà ní àyè rẹ̀. Ó yíjú sí Bàbá láti wo ojú rẹ̀.

Bàbá kò gbójú sókè. Fédà keje ló ń wò. Fédà méje yòókù ń rìn, èyí dúró gbọn-in. Ó na ìka tí ayùn gé sílẹ̀, ó gbé e lé orí fédà náà, bí ẹni ń wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Nígbà tí orin parí, ó bọ́ fìlà, ó tún un dé.

"Títí, ọwọ́ mi kọ́ nìyí."

"Bàbá, mo kàn tún un ṣe díẹ̀ ni."

"Mo rí i." Kò bínú. Ìbá sàn fún Títílayọ̀ ká ní ó bínú. "Ó ṣeun, ọmọ mi. Kí Ọlọ́run ràn ẹ́ lọ́wọ́."

Ó jáde. Títílayọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá kò dúró de ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Dámiláre dé. Ó bá Títílayọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa àpótí ìjókòó sọ́dọ̀, ó sì tú gèlè rẹ̀ sọ́wọ́ láti fi fẹ́ ara.

"Kí lo ṣe fún ọkọ mi?"

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Kí ni wọ́n sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan, ìyẹn ló gbé mi wá. Àná, ó kọ oúnjẹ. Lónìí, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa kọ́ wọn lórin, pé ó ti tó gẹ́ẹ́."

Títílayọ̀ kò wá irọ́ kankan pa. Ó sọ gbogbo rẹ̀: bí Bàbá ti gbé ohùn Ìyá Dámiláre sókè, bí òun ti fà á tẹ́, bí Bàbá ti fi ọwọ́ kan fédà náà. Obìnrin náà gbọ́ ọ dé òpin.

"Ohùn tèmi? Níwájú gbogbo ìjọ?" ó wí. "Mo mà ní kí o dín in kù."

"Ẹ̀yin sọ bẹ́ẹ̀, Mà. Bàbá ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Èyí tí ó ṣe dà? O ti pa á rẹ́?"

"Rárá o. Ó wà níbí." Títílayọ̀ ṣí ẹ̀dà tó fi pamọ́, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí i. "Èyí ni ọwọ́ Bàbá lórí ohùn yín. Ibi tí ìlà yìí bá ti gùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé yín sókè."

Ìyá Dámiláre súnmọ́ ọn, ó dín ojú kù. "Ibo ni orin dé níbí yìí?"

Títílayọ̀ fi ìka tọ̀ ọ́. "Ibí ni ẹsẹ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, 'Odò kún, a ò bómi lọ.' Ibí ni ẹsẹ kejì. Ẹ ò rí i, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan gan-an ni wọ́n ti máa ń gbé e, lẹ́yìn náà wọn ò ní rántí gbé e sílẹ̀ mọ́."

Ìyá Dámiláre fi ìka tọ ìlà náà lọ láti òkè kan dé èkejì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ìsàlẹ̀ àyà wá bí ohùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi gèlè nu ojú.

"Ibẹ̀ ni ó ti máa ń wò mí," ó wí. "Ṣé o kò kíyè sí i rí ní ṣọ́ọ̀ṣì? Kó tó ju ọwọ́ sókè fún ẹsẹ kan, á kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ mi. Èmi á ti fi ohùn náà sẹ́nu fún un, jẹ́jẹ́, kí ó lè mọ ibi tí a ó gbà. Ohùn àwọn ọmọdébìnrin yẹn ti sá mọ́ ọn létí láti ọjọ́ pípẹ́. Tèmi tó wà nísàlẹ̀ yìí, òun ló ṣì ń gbọ́."

"Ẹ̀yin méjèèjì jọ sọ ọ́ rí?"

"Sọ kí ni? Ó wò mí, mo kọ ọ́. Kí ló kù níbẹ̀ láti sọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Títílayọ̀ lára. Gbogbo bí ó ti ń wo ìlà yẹn láti ọjọ́ yìí wá, etí tó di ló ń rí níbẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹni tó ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn ni, tó sì di ẹnì kan ṣoṣo tó rí lọ́wọ́ mú.

"Mà, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá fi í sílẹ̀ bí Bàbá ti ṣe é, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ orin náà. Bí mo bá sì fà á tẹ́, Bàbá ò ní gbọ́ ọ."

Ìyá Dámiláre ro ó. "Nínú àwọn orin yòókù, bò mí mọ́lẹ̀. Èmi ló ní ohùn mi, mo sì ti wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ni ó kọ lọ́dún tí omi fẹ́ gbé wa lọ pẹ̀lú Dámiláre lẹ́yìn mi. Fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ fún un. Kàn má jẹ́ kí n pa ọmọ ọlọ́mọ lára."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Iná ti lọ, téèpù wà nínú yàrá bí òkúta, ṣùgbọ́n Ìyá Dámiláre jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì ń kọ orin náà gan-an fún Títílayọ̀, jẹ́jẹ́, tó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. "Ibí ni wọ́n ti máa ń mí," á wí, Títílayọ̀ á sì mú òkè tí Bàbá ṣe, á sún un sẹ́yìn díẹ̀ kí ó bọ́ sínú àlàfo náà. "Ibí ni àwọn ọmọbìnrin ti ń wọlé, gbé mi sílẹ̀," Títílayọ̀ á sì rọra fa ìlà náà wálẹ̀ bí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀. Kò pa òkè kankan tí ọwọ́ Bàbá ṣe rẹ́. Ó kàn fi ìsàlẹ̀ sí i ni. Ìyá Títílayọ̀ jáde wá pẹ̀lú iṣu síse, ó gbọ́ orin, ó jókòó, òun náà gbè é. Nígbà tí bátìrì mọ́tò ń kú lọ, wọ́n ti parí.

Ìyá Dámiláre fúnra rẹ̀ ló mú ọkọ rẹ̀ wá nígbà tí iná tún dé. Bàbá jókòó, ojú rẹ̀ le díẹ̀, bí ojú ẹni tí wọ́n bẹ̀ wá. Títílayọ̀ tan téèpù. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, fédà keje nìkan ló kọ́kọ́ gòkè, ohùn Fàtímọ̀ sì jáde láti ìsàlẹ̀, òun nìkan, ó fún wọn ní ọ̀nà. Àwọn yòókù wọlé lé e lórí, ohùn rẹ̀ sì rọra lọ sábẹ́ wọn, ó gbé wọn dání títí di ìgbà tí wọ́n tún mí, ó tún jáde. Bàbá kò wo fédà mọ́. Ó ti di ojú, ọwọ́ rẹ̀ kan sì ti gòkè, ó ń darí orin nínú yàrá kékeré náà.

Nígbà tó parí, ó gbé ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Èyí náà kì í ṣe ọwọ́ mi tán."

"Rárá, Bàbá. Ọwọ́ yín ni, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀."

"Ta ló fi ibi tí yóò ti sọ̀kalẹ̀ hàn ẹ́?"

"Èmi ni," ìyàwó rẹ̀ wí.

Bàbá yíjú sí i, ó wò ó, bí ó ti máa ń wò ó kí ẹsẹ kan tó bẹ̀rẹ̀. Ó wá sọ fún Títílayọ̀, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń sọ àṣírí, pé, "Etí mi yìí, kò fi bẹ́ẹ̀ dáa mọ́."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O mọ̀?"

"Gbogbo ìjọ ló mọ̀, sà."

Bàbá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"A sọ fún yín, Bàbá Dámiláre," ni Ìyá Dámiláre dáhùn. "Ẹ ò gbọ́ ni."

Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ fífi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé, láti ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó mú ìyàwó rẹ̀ kúrò ní ìlà ẹ̀yìn, ó sì mú un dúró sí ẹ̀gbẹ́ dùùrù, níbi tí kò ti ní nílò láti na ọrùn kí ó tó rí i. Ìyá Dámiláre ráhùn, ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì náà jáde lásìkò ìkórè. Ìjọ rà á, àwọn ìjọ tó wà ní Awo náà ránṣẹ́ wá rà á. Ohun tí Títílayọ̀ kò retí ni pé àwọn ará agboolé tí wọ́n bí Ìyá Dámiláre sí, àwọn mùsùlùmí tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń béèrè kásẹ́ẹ̀tì "tí ọmọ wa ti kọrin." Àbúrò Ìyá Dámiláre, Àlàájì Afọlábí, tó ń ta irin ìkọ́lé ní ìkóríta Sekona, ra ti ṣọ́ọ̀bù, ó tún ra ti ilé. Títílayọ̀ gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ orin náà. Bí ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti lọ sábẹ́ ti àwọn yòókù, Àlàájì á dá a padà sẹ́yìn, á tún un tan láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Akọrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Àlàájì, ẹ jẹ́ kí ó lọ síwájú," ó wí. "Àwọn ọmọ yòókù náà ń kọrin."

"Ẹ̀yin wá ń gbọ́ wọn ni?" Àlàájì bi í.

"N ò gbọ́ wọn," Bàbá dáhùn. "Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀." Ó rí Títílayọ̀, ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì náà, ó sì na ẹ̀pà sí i.